Joel, Ọ̀rọ̀ Àwọn Àgbà Ti Ń Padà Sílé

Joel, ọmọ ìyá mi, oṣù Kẹjọ tún ti dé. Òjò Fìdítì ti dáwọ́ dúró díẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe lásìkò yìí, àwọn ọlọ́sàn ń retí kí ọsàn tuntun gbó, koríko sì ti tutù yọ̀yọ̀ yí ibojì rẹ ká. Ọdún márùn-ún ti gorí ikú rẹ. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi lọ́dún 1991 pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí màá jókòó kọ nǹkan sí ọ láìsunkún, ǹ bá pè é ní aláìláàánú.

Mo ti sunkún tó, o jàre. Lónìí, ìròyìn ni mo mú wá. Àwọn ará ilé ní èmi ni kí n kọ ọ́ nítorí pé èmi ni tíṣà, àti nítorí pé èmi Hannah, ẹ̀gbọ́n rẹ, nìkan ni mo lè bá ọ wí tó o bá yẹ ní bíbáwí. O sì yẹ ní bíbáwí díẹ̀. Wàá gbọ́ ọ níwájú.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti ọmọ rẹ. Olúwatóyọ̀sí tó o fi sílẹ̀ lẹ́yìn ìyá rẹ̀ ti wọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Iwájú orí rẹ ló gbé sórí, ẹnu rẹ ló sì fi ń sọ̀rọ̀: ìbéèrè lórí ìbéèrè, títí àgbàlagbà á fi máa wá ibi gbà. Ní ọjọ́ Àìkú kan, ó bi pásítọ̀ wa léèrè ẹni tó ń gbálẹ̀ ní ọ̀run. Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì rẹ́rìn-ín, èmi nìkan ni mo wolẹ̀, nítorí mo mọ ibi tó ti mú u.

Ilé tó o kọ́ dé ojú fèrèsé ti ní òrùlé. A kan páànù sí i lọ́dún kejì, a sì rẹ́ ẹ lọ́dún kẹta. Fúnlọ́lá ìyàwó rẹ ní àwọ̀ ewé lòun fẹ́ ká fi kun fèrèsé. Mo bá a jà, ó borí mi. Nígbà tí mo bá ń bọ̀ láti iléèwé tí mo rí fèrèsé aláwọ̀ ewé yẹn lókèèrè, inú mi ń dùn, ṣùgbọ́n mi ò ní sọ fún un.

Fúnlọ́lá! Obìnrin tí àwọn kan ń rò pé kò ní pẹ́ padà sọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀ ní Awẹ́. Ó dúró. Ó kọ́ títẹ̀wé lórí kọ̀ǹpútà rẹ, ó gba yàrá kan lẹ́bàá títì, ó sì fi orúkọ rẹ sára pátákó ìta. Ìwé ètò ìgbéyàwó, ìwé ètò ìsìnkú, iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wá láti Ọ̀yọ́, òun ló ń tẹ̀ ẹ́. Àwọn èèyàn ń pè é ní Ìyá Kọ̀ǹpútà báyìí, ó sì ń jẹ́ wọn lóhùn.

Kọ̀ǹpútà yẹn gan-an ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀.

O rántí bó ṣe dé Fìdítì. Iléeṣẹ́ rẹ ní Ìbàdàn fẹ́ kó o dànù, ìwọ sì tọrọ rẹ̀, o gbé e wọ bọ́ọ̀sì, o gbé e lé itan bí ọmọ tuntun títí dé ẹnu ọ̀nà wa. Láti ìgbà náà, bí Sátidé bá ti mọ́, wàá gbé rẹ́kọ́dà kọ́ èjìká, ó di Ìlọrà, ó di Ìmíní, ó di Awẹ́, lọ́dọ̀ àwọn arúgbó. Ohun tí wọ́n fojú rí, ohun tí bàbá wọn sọ fún wọn, oúnjẹ ìgbà ìyàn, orúkọ odò tó ti gbẹ, gbogbo rẹ̀ lò ń gbà sórí kásẹ́ẹ̀tì. Wàá délé, wàá tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà. Nígbà tó o bá sì tẹ̀ ẹ́ tán, wàá gba ohùn ẹlòmíì lé kásẹ́ẹ̀tì kan náà lórí. Nítorí náà, ohun tó wà nínú dísíkì nìkan ló ṣẹ́ kù lẹ́yìn rẹ.

Kó o tó dìde nílé ẹnikẹ́ni nínú wọn, o máa ń ṣèlérí pé wàá padà wá kà á sí wọn létí. Gbogbo wọn ló gbọ́. Gbogbo wọn ló ń retí. Ibà wá kì ọ́ mọ́lẹ̀, kò sì jẹ́ kó o lo ọ̀sẹ̀ kan.

Ibi tí mo ti fẹ́ bá ọ wí rèé. Nígbà tí Fúnlọ́lá kọ́kọ́ ṣí àwọn dísíkì rẹ, ohun tó rí ni Ìyá, Ìyá, Ìyá. Bàbá, Bàbá, Bàbá. Òótọ́ ni pé kọ̀ǹpútà yẹn ò gbà ju lẹ́tà mẹ́jọ lọ fún orúkọ fáìlì kan. Ṣùgbọ́n ìwọ̀nba lẹ́tà tó gbà, Ìyá tàbí Bàbá lo fi kọ, o wá fi nọ́ńbà tì í nídìí. Fúnlọ́lá ní òun bi ọ́ nígbà kan pé kí ló dé tó ò kọ orúkọ wọn síbẹ̀. O ní ta ni ìwọ tí wàá máa tẹ orúkọ àgbà ní gbangba bí ẹni ń pe ọmọ iléèwé. Àní lójú irin, Joel, o ò lè pe àgbàlagbà lórúkọ! Màmá wa kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́, ó kọ́ ọ jù. Èwo ni Bàbá kẹtàdínlógún? Ta ni Ìyá ogójì? Inú orí rẹ lo kó ìyẹn sí, o sì gbé orí náà lọ.

Mo rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ẹ̀rín náà ò pẹ́ lẹ́nu mi. Lọ́dún kejì, Bàbá Ògúnlàdé, ọ̀kan nínú àwọn arúgbó rẹ, wá láti Ìmíní. Wọn ò ránṣẹ́, àwọn fúnra wọn ló wá, wọ́n ń fi ọ̀pá wọ́ ẹsẹ̀ wọn bọ̀. Wọ́n jókòó sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, wọ́n mu omi, wọ́n ṣàdúrà fún Tóyọ̀sí. Wọ́n ní àwọn ò bá òkú jà. Wọ́n wá wò mí lójú.

"Ọmọ yín gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wa, ó sì gbé e lọ. Kí la fẹ́ fi sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tiwa?"

Wọ́n dìde, wọ́n lọ. Joel, ojú tì mí. Níbí, ẹni tó bá yá ọkọ́ aládùúgbò á dá a padà kó tó di àsìkò kíkọ ebè. Ti ọ̀rọ̀ ẹnu wá ńkọ́? Láti ọjọ́ náà la ti mọ ohun tó wà lọ́rùn wa nínú ilé yìí: ọ̀rọ̀ àwọn àgbà gbọ́dọ̀ padà sílé wọn kí àwọn tó ni ín tó kú tán.

Fúnlọ́lá bẹ̀rẹ̀ sí ṣí àwọn fáìlì lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ń ṣí, ó ń kà, ó ń pa á dé. Àwọn arúgbó rẹ ò dárúkọ ara wọn níbì kankan. Ta ní ń dárúkọ ara rẹ̀ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n? "Èmi" ni, "bàbá mi" ni, "nígbà tí mo wà lọ́mọge" ni. Ìyá àgbà èyíkéyìí ní gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ Afijio ló lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rinrin sì ti ń wọ inú agolo bisikíìtì tó o kó àwọn dísíkì sí, àwọn mìíràn ti ń bu bíi búrẹ́dì àná.

Mo bá wọ bọ́ọ̀sì, mo lọ bá Akínwándé, ọ̀rẹ́ rẹ tẹ́ ẹ jọ wà ní ọ́fíìsì ní Ìbàdàn. Mo sọ fún un pé Bíbélì mi ní atọ́ka lẹ́yìn. Bó bá ṣe ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo rántí nínú ẹsẹ kan, màá wo atọ́ka, á sọ ìwé àti orí tó wà fún mi. Mo ní ṣé kò sí ohun tó lè ṣe irú atọ́ka bẹ́ẹ̀ fún àwọn fáìlì Joel? Akínwándé rẹ́rìn-ín. Ó ní ó wà. Ó ní ètò kọ̀ǹpútà kan wà, irú èyí tí wọ́n ń pè ní sọ́fítíwíà, á ka gbogbo fáìlì lẹ́ẹ̀kan, á to gbogbo ọ̀rọ̀ inú wọn jọ, èèyàn á wá tẹ ọ̀rọ̀ tó ń wá, ètò náà á sì sọ fáìlì tó wà. Wíwà ló wà, ó ní, rírí ló ṣòro.

Rírí rẹ̀ ṣòro lóòótọ́! Àkọ́kọ́ tó gbé wá ò ṣe atọ́ka kankan. Gbogbo ìgbà tá a bá béèrè ọ̀rọ̀ ló ń padà lọ ka àwọn fáìlì láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, tó fi jẹ́ pé Fúnlọ́lá á gbé ẹ̀wà kaná, ẹ̀wà á jinná, kọ̀ǹpútà á ṣì máa kùn. Èkejì ní kọ̀ǹpútà wa ti darúgbó jù fún òun. Ẹ̀kẹta ṣe atọ́ka, ó ṣe é dáadáa, ṣùgbọ́n fáìlì díẹ̀ ló kà tó fi dúró, ó ní ká lọ ra odindi òun lókè òkun. Mo bínú sí i bí ẹni ń bínú sí èèyàn. Mo ní kí Akínwándé máa gbé e lọ.

Akínwándé ò jẹ́ kó sú òun. Ó béèrè lọ́wọ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, ó béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń lọ àti ẹni tó ń bọ̀. Nígbà tó yá, ó rí ẹnì kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kàwé dé láti òkè òkun, tó ní ètò kékeré kan lọ́wọ́. Olùkọ́ kan lọ́hùn-ún ló ṣe é, ó sì ní kí ẹni tó bá wù máa dà á kọ lọ́fẹ̀ẹ́. Kò gbà ju igun dísíkì kan lọ. Sátidé ni Akínwándé fúnra rẹ̀ gbé e wá sí Fìdítì, ó so ó mọ́ inú aṣọ ìnujú bí ẹni gbé ẹyin.

Òun àti Fúnlọ́lá da gbogbo dísíkì rẹ kọ sínú kọ̀ǹpútà. Mi ò ní parọ́ fún ọ, àwọn kan ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Èyí tó ṣẹ́ kù pọ̀. A ní kí ètò náà bẹ̀rẹ̀, a sì lọ jẹun. Nígbà tá a fi máa padà dé, ó ti tò wọ́n tán.

Gbogbo wa jókòó yí i ká. Fúnlọ́lá bi mí pé ọ̀rọ̀ wo lòun máa kọ́kọ́ tẹ̀. Èmi tíṣà, mo fọwọ́ sọ̀yà, mo ní kó tẹ "oko". Gbogbo fáìlì ló yọ. Mo ní kó tẹ "ọba". Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wọn náà. Mo ní "ìyàn", ó kó ìdajì wọn jáde. Akínwándé ò fẹ́ kí n rí i pé òun ń rẹ́rìn-ín. Ó ní ọ̀rọ̀ tí gbogbo ayé ń sọ ò lè mú wa dé ilé ẹnì kan. Ọ̀rọ̀ tí ẹnì kan ṣoṣo sọ ni ká wá. Fúnlọ́lá ló wá sọ ohun tó yẹ kí n ti rò: ó ní ṣebí àwọn tó ni ọ̀rọ̀ wà láàyè, ẹ jẹ́ ká lọ bi wọ́n.

A lọ sí Ìmíní. Mo kúnlẹ̀ níwájú Bàbá Ògúnlàdé, mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí ni wọ́n sọ fún Joel tí ẹlòmíì ò lè sọ? Wọ́n ní eéṣú. Wọ́n ní lọ́jọ́ tí eéṣú bo Ìmíní, bàbá wọn ń lu abọ́ láti lé wọn, àwọn eéṣú náà sì ń já bọ́ sínú ìkòkò epo tó wà lórí iná. Fúnlọ́lá wá eéṣú, ó sì wá epo mọ́ ọn. Fáìlì kan péré ló ní méjèèjì ní ojú kan. Ó tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, mo gbé e padà lọ, mo sì kà á sí wọn létí lábẹ́ igi ọsàn. Bí mo ṣe ń kà á ni wọ́n ń pe àwọn ọmọ-ọmọ wọn jáde lọ́kọ̀ọ̀kan pé kí wọ́n wá jókòó. Nígbà tí mo parí, wọ́n ní abọ́ idẹ ni, kì í ṣe abọ́ irin, Joel ló ṣì í gbọ́. Wọ́n ní kí n tún un kà.

Ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí padà sílé, Joel! Ẹnì kan fún wa ní orúkọ ajá bàbá rẹ̀. Ẹlòmíì ní kẹ̀kẹ́ àkọ́kọ́ tó dé àdúgbò àwọn ni, èyí tó gbé ẹni tó gùn ún lọ sínú kànga. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, fáìlì á sì yọjú. Ẹni tó bá ti kú nínú wọn, a ń ka tirẹ̀ fún àwọn ọmọ. Ọ̀rọ̀ ń padà sílé! Mo bẹ̀rẹ̀ sí gbé orí mi sókè bí mo bá ń kọjá ní Ìmíní.

Lọ́dún tó kọjá ni Ṣàràfá wá láti Ìlọrà. O mọ̀ ọ́n, èyí tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Ọ̀yọ́, ọkùnrin tí kì í yára sọ̀rọ̀. Iyè ìyá rẹ̀, Màmá Hàwáù, ti ń lọ. Orúkọ àwọn ọmọ ti dàpọ̀ mọ́ra wọn lẹ́nu màmá náà. Bí wọ́n bá ti kírun àlàásárì tán lójoojúmọ́, wọ́n á di ẹrù wọn, wọ́n á ní àwọn fẹ́ lọ sílé. Bí àwọn ọmọ bá ní ilé nìyí, wọ́n á ní irọ́ ni, wọ́n á sì mú ọ̀nà pọ̀n. A ti rí wọn he létí títì ńlá tí àwọn tírélà ń gbà, ọpẹ́lọpẹ́ àwọn ọlọ́kadà tó mọ̀ wọ́n. Láti kékeré sì ni wọ́n ti wà ní Ìlọrà. Kò sẹ́ni tó mọ ilé mìíràn tí wọ́n ní. Nígbà tí Ṣàràfá bi wọ́n pé ibo nilé, ìdáhùn kan náà ni wọ́n ń fún un.

"Mo ti sọ fún Joel. Joel ni kí ẹ lọ bi."

Wọn ò mọ̀ pé o ti kú. Àwọn ọmọ ò ní ìgboyà láti sọ fún wọn. Ṣàràfá jókòó ní pálọ̀ wa, ó gbé fìlà rẹ̀ lé orúnkún. Ó ní òun ò wá gbọ́ ìtàn àtijọ́ o. Ó ní ibi tóun máa gbé ìyá òun lọ lòun ń wá, kí títì tó pa wọ́n mọ́ òun lọ́wọ́.

Joel, ibẹ̀ ni atọ́ka wa ti dákẹ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo là ń wá, màmá náà ò sì ní in mọ́. Fúnlọ́lá wá Ìlọrà, fáìlì tó yọ ò lóǹkà. Ó wá orúkọ àwọn ọmọ, ó wá orúkọ ọkọ, kò rí ohun tó jọ ọ́. Ṣàràfá ń wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, á kí wa, á wo ojú wa, á sì padà. Ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí bà mí pé inú àwọn dísíkì tó bàjẹ́ ló wà.

Mo wá lọ sí Ìlọrà láti lọ jókòó tì wọ́n. Wọ́n fi orúkọ ẹlòmíì pè mí, mo jẹ́. Wọ́n bi mí léèrè àwọn ọmọ tí mi ò bí, mo ní wọ́n wà dáadáa. Lọ́sàn-án, ìyàwó Ṣàràfá gbé iyán wá. Màmá wo ọbẹ̀, wọ́n sì rọra ti abọ́ náà sẹ́yìn. Ìyàwó náà bẹ̀rẹ̀ sí tọrọ gáfárà. Ó ní ìṣápá ló wà nínú ẹ̀fọ́ yẹn, òun ò tètè rí i, Màmá kì í jẹ ẹ́ láti ìgbà tóun ti dé ilé yìí, wọn ò sì sọ ìdí rẹ̀ rí. Gbogbo wọn ti gbà pé bó ṣe wù wọ́n ni. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo bi wọ́n pé kí ló dé. Wọ́n dáhùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, bí ọmọ tó ń ka ohun tí wọ́n kọ́ ọ.

"A kì í jẹ ẹ́ nílé wa."

Nílé wa! Kì í ṣe ilé ọkọ wọn, nítorí wọ́n ń jẹ ìṣápá níbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fi ṣe oògùn fún. Obìnrin lè lo ọgọ́ta ọdún nílé ọkọ, èèwọ̀ ilé bàbá rẹ̀ á bá a débẹ̀. Orúkọ ọmọ ti sá mọ́ Màmá lọ́wọ́, èèwọ̀ ò sá. Mi ò dúró jẹ iyán. Èmi tí mo ti búra pé mi ò ní gun ọ̀kadà láyé mi, mo gùn ún láti Ìlọrà dé Fìdítì, mo di ọlọ́kadà mú bí ẹni fẹ́ pa á.

Fúnlọ́lá tẹ ìṣápá. Fáìlì mẹ́ta ló yọ. Méjì ń sọ̀rọ̀ ọbẹ̀ lásán. Ẹ̀kẹta ni Màmá Hàwáù.

Gbogbo rẹ̀ lo kọ síbẹ̀, Joel, ọwọ́ rẹ ò dín ẹyọ kan kù. Nígbà ogun, bàbá bàbá wọn kó àwọn ará ilé rẹ̀ sá wọ inú oko ìṣápá. Ìṣápá ga, ó bò wọ́n, àwọn ológun sì kọjá lọ. Láti ìgbà náà ni agboolé Gbẹ́nàgbẹ́nà ní Ìmíní ò ti jẹ ẹ́ mọ́. Bàbá wọn kú nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé. Ẹbí ní àbúrò olóògbé ni yóò ṣú ìyá wọn lópó, ìyá náà sì kọ̀ jálẹ̀. Ó gbé ọmọ rẹ̀ pọ̀n, ó fẹsẹ̀ rìn dé Ìlọrà, ó sì kìlọ̀ fún un pé kò gbọ́dọ̀ dárúkọ Ìmíní fún ẹnikẹ́ni láyé. Ọmọ náà gbọ́ràn. Ó gbọ́ràn títí ó fi bí ọmọ, títí ó fi darúgbó, títí ìwọ fi wá gbé rẹ́kọ́dà kalẹ̀ níwájú rẹ̀. O bi wọ́n bóyá ó wù wọ́n láti lọ rí ilé náà. Wọ́n ní ó wù wọ́n, ṣùgbọ́n ta ni wọ́n fẹ́ sọ pé àwọn jẹ́?

Nígbà tí Fúnlọ́lá kà dé ibi tí ìyá wọn ti kọ̀, ó tún ibẹ̀ kà lẹ́ẹ̀mejì. Opó ni òun náà. Kí ọkàn rẹ balẹ̀: kò sẹ́ni tó dárúkọ ṣíṣú sí i nínú ilé yìí. Ẹni tó bá fẹ́ dán an wò mọ̀ pé mo wà níbẹ̀.

Ìmíní ni, Joel! A ti ń rò ó dé Ògbómọ̀ṣọ́, a ti ń rò ó dé Ìlọrin, kò sì ju ibi tí mọ́tò ń gbé èèyàn dé kó tó jókòó dáadáa. Ṣùgbọ́n ìdùnnú Ṣàràfá ò kún. Ó ní bí wọn ò bá gbà wọ́n ńkọ́? Bàbá Ògúnlàdé lọ wádìí fún wa. Olórí agboolé náà báyìí ni Bàbá Ezekiel, ọmọ àbúrò tí ìyá Màmá kọ̀ láti fẹ́ gan-an. Bàbá Ògúnlàdé ní Bàbá Ezekiel gbọ́ gbogbo àlàyé, kò dáhùn rere, kò dáhùn búburú. Ó kàn ní ká máa mú wọn bọ̀.

A mú wọn lọ. Ṣàràfá di apá wọn kan mú, mo di ìkejì. Àwọn ará ilé ti tò síta. Bàbá Ezekiel jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo Màmá, ó ń wò wọ́n ṣáá. Mo gbọ́ bí Ṣàràfá ṣe ń mí. Bàbá àgbà náà wá fọwọ́ ti ara rẹ̀ dìde, ó ṣí fìlà, ó sì dọ̀bálẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú ewú orí rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ káàbọ̀. Ilé ò tíì wó."

Wọ́n wọlé. Wọ́n fọwọ́ pa ògiri, wọ́n jókòó, wọ́n jẹun. Ẹnikẹ́ni ò kọ́ àwọn ìyàwó ilé náà ní ohun tí wọn ò gbọ́dọ̀ fi se ọbẹ̀. Àkókò àlàásárì tó, wọ́n kírun, wọ́n sì padà jókòó síbi tí wọ́n wà. A ń wo ẹrù wọn. Wọn ò fọwọ́ kàn án. Ṣàràfá jáde lọ sẹ́yìnkùlé, ó pẹ́ kó tó wọlé.

Láti ìgbà náà, wọ́n ń lo oṣù kan ní Ìmíní, wọ́n ń lo oṣù kan ní Ìlọrà. Wọ́n ṣì ń fi orúkọ ẹlòmíì pè mí. Ṣùgbọ́n wọn ò mú ọ̀nà pọ̀n mọ́, Joel. Títì ò rí wọn mọ́. Ní ti àwọn fáìlì yòókù, a ṣì ń bá a lọ, Tóyọ̀sí sì ti fẹ́ máa bá ìyá rẹ̀ tẹ lẹ́tà. Àwọn arúgbó kan ò tíì rí tiwọn gbà. A ó rí i.

Ohun kan ṣẹ́ kù tí mo gbọ́dọ̀ sọ. Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ lọ́jọ́ tá a mú Màmá dé Ìmíní, wọ́n di ọwọ́ mi mú. Wọ́n béèrè rẹ. Èmi tí mo máa ń na ọmọ iléèwé nítorí irọ́, mo ń wá ohun tí màá sọ. Wọn ò dúró de èsì.

"Bá mi sọ fún Joel pé mo ti délé."

Mo ní màá sọ fún un, Màmá. Nítorí ìyẹn ni mo ṣe jókòó kọ èyí. Àárò rẹ ń sọ wá, Joel; ní ọjọ́ Sátidé ló máa ń le jù. Fúnlọ́lá fẹ́ràn rẹ, ọmọ rẹ tí kò mọ ojú rẹ fẹ́ràn rẹ, èmi ẹ̀gbọ́n rẹ tí mo ń bá ọ wí yìí, mo fẹ́ràn rẹ ju bí mo ṣe sọ fún ọ rí lọ. Wọ́n ti délé, àbúrò mi. Wọ́n ní kí n sọ fún ọ.